Ìyá Dára àti Kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti Amẹ́ríkà Dé

Ọlájùmọ̀kẹ́ kò lè fara da kí ènìyàn máa lu tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá wọ ilé oníbàárà, tí onílé gbé ọwọ́ sókè pé kí òun gbá ẹ̀rọ náà lórí nítorí pé àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, kíá ni yóò ti dá a lọ́wọ́ kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Kò ṣẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná."

Ẹ̀yìn ni òun máa ń wò. Àwọn ẹlòmíràn a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn a máa yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún sósì, títí ọ̀rùn yóò fi máa dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ a fà á kúrò lára ògiri, a kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a sì máa ka àwọn ihò tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tí ń ka eyín ọmọ.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n bí i sí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ó ti di ẹni tí ayé mọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó gba iṣẹ́ ní rélùwéè, nínú yàrá tí wọ́n ti ń so fóònù. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀gá kan ní Òṣogbo bá fẹ́ bá ọ̀gá kan ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, kì í tẹ nọ́ńbà kankan. Yóò gbé fóònù, ohùn Ọlájùmọ̀kẹ́ ni yóò gbọ́. Ọlájùmọ̀kẹ́ ni yóò fa okùn kan yọ lára pátákó gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, tí yóò sì ki ẹnu okùn náà bọ ihò tí ó tọ́. Bí ó bá ṣì í kì, Ìlọrin ni yóò dáhùn dípò Ìbàdàn, èébú ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, bí wọ́n bá di aṣọ mọ́ ọn lójú, ọwọ́ rẹ̀ á mọ ihò Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Kàdúná. Ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé lé ojú wáyà tí ó já, nítorí pé kì í dúró de àwọn tí ń tún nǹkan ṣe. Bí okùn kan bá já, á so ó.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ́n lójú irin. Dúrósinmí ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, rí iṣẹ́ akọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tuntun, ó sì rọ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó wá fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?" ni Ọlájùmọ̀kẹ́ bi í.

"O ó máa jókòó, o ó máa gba fáìlì."

"Mo ti jókòó fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Jẹ́ kí n dìde díẹ̀."

Fídíò kan ni ó fi ọ̀nà hàn án. Dúrósinmí ra fídíò àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé wọn nígbà ọdún Kérésìmesì, ẹni tí ó tà á fún un sì bá a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán jáde, inú àwọn ọmọ dùn, ṣùgbọ́n inú ìyá wọn kò dùn. Ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán náà dà bí ojú ẹni tí ó dúró sínú ọyẹ́. Ètè wọn kò ní igun, aṣọ pupa ń ṣàn jáde kọjá èjìká ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni fídíò ṣe máa ń rí. Ọlájùmọ̀kẹ́ ní irọ́ ni. Ó yẹ inú páálí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà wá wò, ó sì bá wáyà olórí mẹ́ta kan níbẹ̀, yẹ́lò, funfun àti pupa, tí ẹnikẹ́ni kò tú kúrò nínú ọ̀rá. Ó bá ìwé kékeré kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì ni ó fi ka ìwé náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó fa tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri.

Ọ̀nà tí ó máa ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníbàárà nígbà tí ó yá rọrùn. Bí ènìyàn bá gba ihò áńtẹ́nà kó àwòrán fídíò wọ tẹlifíṣọ̀n, fídíò ní láti kọ́kọ́ di àwòrán náà lẹ́rù, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ó fi í ránṣẹ́ láti òkèèrè. Tẹlifíṣọ̀n náà á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú ẹrù ọ̀hún. Níbi ìdì àti ìtú yẹn ni ojú àwòrán ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ihò yẹ́lò, ọ̀nà àbùjá ni. Bí àwòrán ṣe kúrò lójú kásẹ́ẹ̀tì ni yóò ṣe wọlé, láìdì, láìtú. Ihò funfun àti pupa, ti ohùn ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí ó ki wáyà náà bọ ihò rẹ̀, tí ó tẹ bọ́tìnnì, Dúrósinmí tí ó ń jẹun lọ́wọ́ gbé àwo kalẹ̀.

"Ìyá Dára," ni ó wí, nítorí Olúwadára ni orúkọ àkọ́bí wọn, "ṣé tẹlifíṣọ̀n tiwa náà rèé?"

"Òun náà ni. Oúnjẹ yín ń tutù."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Stéṣọ̀n, ó sì kọ ọ́ sára pátákó níta pé: A Ń SO FÍDÍÒ MỌ́ TẸLIFÍṢỌ̀N. BÍ KÒ BÁ MỌ́, Ẹ MÁ SANWÓ. Àwọn ọkùnrin tí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò náà rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà náà ń wò ó tìfura-tìfura. Àwọn kan á wọlé, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá ń bọ̀." Á dìde, á yí tábìlì ká, á tún padà jókòó. "Ọ̀gá ti dé. Kí ni mo lè bá yín ṣe?"

Àlàájà Mọ́nsúrátù ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde láàárín ìlú. Obìnrin yìí ní ilé búrẹ́dì ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Lọ́dún tí ó lọ sí Mẹ́kà, ó gbé fídíò olówó iyebíye kan bọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe so ó tán, ńṣe ni àwòrán rẹ̀ ń ṣe yanrìn-yanrìn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn méjì ni ó ti sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni kò dára, kí ó lọ ra tuntun. Ìyá Dára dé, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yọ wáyà kan, ó ki wáyà mìíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé tẹlifíṣọ̀n náà kúrò lọ́kàn-án-kàn fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, nítorí àwọn ọmọ ilé ti yí i dé òpin títí gbogbo nǹkan fi funfun bí ìyẹ̀fun. Omi tí Àlàájà ní kí wọ́n gbé kaná fún tíì àlejò kò tíì hó tí iṣẹ́ fi parí.

"Àlìhámdùlílàhì!" ni Àlàájà wí. "Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ní kí n gbé sọnù!"

Lẹ́yìn fídíò Àlàájà yìí ni Ìyá Dára ti kọ́kọ́ rí bọ́tìnnì kóńkóló kan tí kò sí lára fídíò tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo. Kò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Ó kọ ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí ó máa ń mú dání, ó lọ wádìí rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ní ọdún 1995, lọ́sẹ̀ tí èrò ń rọ́ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí ọkọ̀ sì wọ́n lójú títì, bàbá arúgbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì gbá nǹkan kan tí ó fi táwẹ̀lì wé mọ́ àyà. Ó ní Amos Fáṣínà ni orúkọ òun, òun ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí ní Iléṣà, òun sì ń sin Ọlọ́run ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

"Wọ́n ní ẹ̀yin kì í lu tẹlifíṣọ̀n," ni ó wí.

"Ẹ jókòó, sà. Kí ni ó wà nínú táwẹ̀lì?"

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ni. Bàbá gbé e lé tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Micah ọmọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Lẹ́tà ń wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí fọ́tò kò wá mọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ládùúgbò sọ fún ìyá Micah pé òun gbọ́ pé ọmọ Iléṣà kan kú ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti gbà pé ọmọ òun ni, pé ọkọ òun ló ń kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ láti fi tù òun nínú.

"Mo kọ̀wé sí Micah pé kí ó ya ara rẹ̀ sínú fídíò kí ó fi ránṣẹ́," ni Bàbá Amos wí. "Kásẹ́ẹ̀tì dé. Inú mi dùn. A pe gbogbo ilé jọ. Nígbà tí a fi sínú ẹ̀rọ, kò sí ojú ènìyàn níbẹ̀. Ìlà funfun ni ó ń ya ọ̀nà kọjá, gbogbo rẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń ré sókè, ó ń ré sókè. Ohùn tí ó sì jáde ń fà, ó nípọn, bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú kòtò. Ìyá rẹ̀ pariwo. Ó ní ohùn òkú nìyẹn, pé ẹ wá wò ó bí wọ́n ṣe fi òkú ọmọ òun ránṣẹ́ sí òun. Láti ọjọ́ náà, kò jáde nílé mọ́. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló bá yín wò ó?"

"Cornelius, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ẹrẹ́jà. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti jẹrà lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i."

Ìyá Dára ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ fídíò ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí bàbá sọ gan-an ni ó rí. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré, ó pa á, ó yọ ọ́, ó ṣí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Téèpù inú rẹ̀ ń dán, kò ká, kò lẹ̀ mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì yín kò bàjẹ́."

Bàbá Amos di etí tábìlì mú. "Kí ni ẹ wí?"

"Kò bàjẹ́, sà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í to àwòrán tiwọn bí àwa ṣe ń to tiwa. Ìlà tí wọ́n fi ń tò ó kò pọ̀ tó tiwa, ó sì ń yára ju tiwa lọ. Fídíò tí ó wà níbí kò gbọ́ èdè náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fa ohùn, tí ó sì ń fa ojú ya."

"Bíi kí ará Ìlọrin máa tẹ́tí sí ògbólógbòó Ìjẹ̀ṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sà. Ó ń gbọ́ kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo mọ fídíò kan tí ó gbọ́ méjèèjì. Ìdó-Ọ̀ṣun ni ó wà. Bí ẹ bá fẹ́, a lè lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ fi ojú ara yín rí Micah."

Bàbá Amos dìde. Lẹ́yìn náà ni ó tún jókòó. Ó mi orí.

"Rárá. Èmi nìkan kò gbọdọ̀ rí i. Bí mo bá délé tí mo ní mo ti rí i, ìyá rẹ̀ yóò ní irọ́ tí mo ti ń pa tẹ́lẹ̀ náà ni. Ojú rẹ̀ àti ojú mi gbọ́dọ̀ rí i pọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìyá Dára lákínyẹmí ara. Ó ní kí bàbá máa lọ, pé lọ́jọ́ Sátidé òun ń bọ̀ ní Iléṣà. Ó lọ bá Àlàájà Mọ́nsúrátù, ó ro ẹjọ́ náà fún un, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún fídíò rẹ̀. Àlàájà kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. "Gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá lórí ọmọ nìyẹn. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkọ̀, Ọlọ́run á fún mi ní òmíràn." Ìyá Dára fi aṣọ ìkélé méjì wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé itan láti Òṣogbo dé Iléṣà.

Ilé àwọn Fáṣínà wà ní Òkèṣà. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti kún pálọ̀. Ìyá Micah jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, aṣọ dúdú lọ́rùn, ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Dára kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Obìnrin náà gbójú sókè.

"Ọmọ wa ni ọ́?"

"Ọmọ yín ni mí, mà."

"Nígbà náà má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọ́ tàn mí."

"Mi ò wá tàn yín, mà. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ ní kì í ṣe ọmọ yín, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbà yín gbọ́."

Ó lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, onípátákó, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì. Ihò áńtẹ́nà nìkan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí yẹ́lò, kò sí funfun, kò sí pupa. Kò sí ohun tí ó kù ju kí ó gba ihò áńtẹ́nà náà wọlé lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì kóńkóló tí ó wà lẹ́yìn fídíò Àlàájà, èyí tí ń jẹ́ kí ó gbọ́ èdè kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́.

Ohùn ni ó kọ́kọ́ dé, ó sì dé gbọnrangandan. Kò fà, kò nípọn. Ohùn ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le, tí ń sọ pé, "Ẹ káàsán o, gbogbo ilé." Àwọn ènìyàn hó yè. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní àwọ̀, ó sì ń ré sókè láìdúró, orí ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé orí.

Ìyá Micah ti yí padà nígbà tí ó gbọ́ ohùn náà. Ó wo eré tí àwòrán ń sá, ó sì dìde.

"Ohùn ni mo gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tàn mí lè kọ́ ohùn ọmọ mi. Ojú rẹ̀ dà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Ìyá Dára wí. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ó ṣe máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá rélùwéè pé kí wọ́n mú sùúrù, kí òun so wọ́n pọ̀. "Mi ò tíì parí. Tẹlifíṣọ̀n yìí ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ta ni ó ní èyí tí ó ní ihò yẹ́lò lẹ́yìn ládùúgbò yìí?"

Ẹnì kan ló wá sọ ọ́ lábẹ́ ìmí pé, "Cornelius ní ọ̀kan."

Ìyá Dára nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí Ẹrẹ́jà. Ó bá Cornelius níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkùnrin abikùn kan tí ó wọ singiléètì, tí ó fi ìgò ojú há sórí. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń dán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ ṣé. Ẹ̀yin ni ará Òṣogbo tí wọ́n ní ó gbé fídíò wá sílé Bàbá Amos." Kò dìde. "Mo ti wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ti jẹrà."

Àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n tẹ̀ lé Ìyá Dára láti Òkèṣà dúró, wọ́n ń retí ìjà. Ọ̀rọ̀ tí ó lè dójú ti ọkùnrin náà wà lẹ́nu Ìyá Dára, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó gbé e mì.

"Ohun tí ẹ rí ni ẹ sọ, ọ̀gá. Ká ní irú fídíò tí ẹ ní nìkan ni èmi náà ní, ohun tí ǹ bá sọ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni mo bá wá. Tẹlifíṣọ̀n yín yẹn ni mo wá bẹ̀ yín fún. Tọ́dọ̀ Bàbá kò ní ihò yẹ́lò."

"Kí n gbé tẹlifíṣọ̀n mi fún yín?"

"Kí ẹ gbé e wá fúnra yín. Mi ò fẹ́ so ó láìsí olúwa rẹ̀ níbẹ̀."

Cornelius yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi singiléètì nù ún. "Tí kò bá mọ́ ńkọ́?"

"Níwájú gbogbo wọn ni mo máa ti sọ pé ẹ̀yin ni ẹ jàre, mo sì máa gbé fídíò mi, mo máa padà sí Òṣogbo."

"Tó bá wá mọ́?"

"Tẹlifíṣọ̀n yín ni ó fi mọ́."

Cornelius dìde. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì wá kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Nígbà tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀ ní pálọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Dára di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì na wáyà yẹ́lò sí Cornelius. "Ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Ẹ bá wa kì í bọ̀ ọ́." Cornelius kì í. Ìyá Dára ki ti ohùn. Ó jáde síwájú, ó tẹ bọ́tìnnì títí lẹ́tà méjì, A àti V, fi yọ ní igun ojú ẹ̀rọ láti fi hàn pé ihò yẹ́lò ni àwòrán ń gbà wọlé, ó sì ní kí wọ́n ta aṣọ sójú fèrèsé.

Àwọ̀ dé. Ó dé lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn sínú ọgbà. Ògiri aláwọ̀ ewé, tábìlì, ọkùnrin kan tí ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣì ń yí lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń na ọrùn tẹ̀ lé e.

"Ó ń lọ! Ó ń lọ!" ni ẹnì kan ń pariwo.

"Kò ní í lọ," ni Ìyá Dára wí. "Ọ̀gá Cornelius, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn yẹn, bọ́tìnnì kékeré kan wà lápá òsì tí wọ́n ń fi sukudiráfà yí. Ẹ yí i díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó ti tó!"

Àwòrán náà dúró.

Micah Fáṣínà jókòó sínú ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ń wo gbogbo wọn lójú kòròkòrò. Irun orí rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. "Yèyé mi," ni ó wí, "wọ́n ní ẹ ní mo ti kú. Èmi rèé." Bí ó ti ń sọ ọ́, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó di ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ mú, ó ń fà á.

Igbe tí Ìyá Micah ké lọ́jọ́ náà, àwọn tí ó wà ní ìta gbọ́ ọ. "Ó ń fa etí! Bàbá Micah, ẹ wò ó, ó ń fa etí! Láti kékeré ni mo ti ń nà án nítorí etí yìí!" Ó ti dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú dígí náà. Kò sí ẹni tí ó lè fà á kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbìyànjú rẹ̀. Bàbá Amos bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Ọmọ yín nìyí," ni Micah ń wí nínú àwòrán, "Ìmísíolúwa ni orúkọ rẹ̀. Ìmísí, kí Ìyá àgbà."

Ọmọ náà fi ahọ́n òyìnbó sọ pé, "Ẹ káàsán, mà," ó sì fi ojú pamọ́ sí àyà bàbá rẹ̀. Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín tòun tomijé. Ìyá Micah wá nu ojú rẹ̀, ó tún wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ó ti sanra jù. Kí ni wọ́n ń fún un jẹ?"

Wọ́n wo kásẹ́ẹ̀tì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ìyá Dára fẹ́ máa lọ, iyán ti délẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí ó dìde títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá Micah kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ Cornelius fi wà ní Òkèṣà, tí fídíò Àlàájà sì wà lórí rẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ pé Micah kú ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá wò ó. Ẹni tí ó mú ìròyìn ikú náà wá ni ó kọ́kọ́ pè. Ó fún un ní àga tí ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ funfun, ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Cornelius gbé fídíò Àlàájà wá sí Òṣogbo fúnra rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dára, ó sì dúró, ó ń wo àwọn wáyà tí ó fi kọ́ ara ògiri.

"Màdáàmù," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kásẹ́ẹ̀tì mélòó ni mo ti sọ pé ó jẹrà tí kò jẹrà?"

"Èmi náà ti sọ tèmi, ọ̀gá. Ẹ jókòó."

Ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Dára fi ìwé pélébé rẹ̀ hàn án, ojú ewé kan sí ìkejì: irú fídíò tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, irú tẹlifíṣọ̀n tí ó máa ń gbà á, bí a ṣe ń fi sípírítì nu orí tí ń ka téèpù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé bí kásẹ́ẹ̀tì òkè òkun bá dé Iléṣà, Cornelius ló ń gbé e yẹ̀wò. Bí ó bá ta kókó, a ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Wọ́n ń jiyàn gan-an. Cornelius gbà pé ó yẹ kí àwọ̀ máa tàn yòò kí oníbàárà lè rí i pé òun jẹ èrè iṣẹ́. Ìyá Dára ní ojú ènìyàn kò gbọdọ̀ pupa ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Wọn kò parí iyàn náà rí.

Nígbà tí ọdún 1999 fi wọlé, kásẹ́ẹ̀tì ti ń gba ẹ̀yìn lọ. Àwo pẹlẹbẹ tí ń dán bíi dígí ni àwọn ènìyàn ń gbé wá láti Èkó, pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wò ó. Àwọn kan ṣàánú Ìyá Dára, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó láti orísun rẹ̀ ni àìdára wáyà ṣe máa ń hàn tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún ní ilé ìtajà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n pè é kí ó wá gbọ́. Cornelius ni, láti Iléṣà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ó rí ẹja ńlá lójú omi.

"Ìyá Dára, tẹlifíṣọ̀n tuntun kan rèé níwájú mi. Ihò yẹ́lò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Róbótó ni, ó ní ojú kéékèèké mẹ́rin nínú."

"Mẹ́rin? Ẹ kà á dáadáa?"

"Mo fi tọ́ọ̀ṣì kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ o. Ṣé ìwé wà nínú páálí?"

"Ó wà. Wọn ò tíì tú u nínú ọ̀rá."

Ìyá Dára gbé fóònù kalẹ̀. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú ìwé pélébé rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Dúrósinmí tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pàdé rẹ̀ lójú títì.

"Níbo ni?"

"Iléṣà ni. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò."

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ọkọ̀ kan ti ń pe èrò Iléṣà lọ́wọ́ iwájú, ó sì ku àyè ẹnì kan.